Béèrè Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò: Tọ́ọ̀nù 18 ni àbí 30?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá ìjọba ṣètò bí ẹrù ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ni mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Àbújá. A dúró ní oríta Zuba, a ń dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró, a ń bi dẹ́rẹ́bà pé kí ló gbé, báwo ló sì ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí mo ṣírò ti tírélà, tọ́ọ̀nù 18 ni ìpíndọ́gba tó jáde. Ọ̀gá mi mú fọ́ọ̀mù kan náà, tirẹ̀ jáde sí 30, ó ní n kò mọ ìṣirò. Bó ṣe rí nìyí: nínú tírélà mẹ́wàá-mẹ́wàá tí a dá dúró, mẹ́fà ló gbẹ́rù, mẹ́rin ló ṣófo. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? (Oníbéèrè láti Gwagwalada)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Ìbéèrè tí ẹ ń dáhùn ni kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀gá rẹ yọ àwọn tó ṣófo kúrò kó tó pín in, ìwọ kà wọ́n mọ́ ọn.

Ká ní ẹrù tó wà nílẹ̀ láti kó jẹ́ tọ́ọ̀nù 900. Fi 30 pín in, wàá rí tírélà 30 tí ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀. Fi 18 rẹ pín in, wàá rí 50. Kò sí irọ́ ńbẹ̀: 50 yẹn ni 30 tó gbẹ́rù pẹ̀lú 20 tó ń sáré lọ lófìfo. Ẹni tó fẹ́ mọ iye ọkọ̀ tó máa gba oríta Zuba kọjá, tàbí iye tó máa nílò ibi ìgúnlẹ̀ ní Tafa, 50 ni tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ háyà ọkọ̀ láti kó ẹrù kúrò nílẹ̀, 30 ni tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ẹlòmíì bá gba 18 lọ́wọ́ rẹ láìbéèrè bí o ṣe rí i, tó rí 50, tó wá rántí pé mẹ́rin nínú mẹ́wàá máa ń ṣófo, tó sì tún fi tiwọn kún un. Á di 83. Orí 83 yẹn ni wọ́n á fi ṣètò páàkì tírélà, tí wọ́n á fi bèèrè owó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí ìpíndọ́gba ọkọ̀ tó gbẹ́rù dá dúró, kí iye ọkọ̀ tó ṣófo náà ní ojú ìlà tirẹ̀. Ẹ má sì lo iye òfìfo kan ṣoṣo fún gbogbo ọkọ̀. Tánkà tó gbé bẹntiróòlù wá láti Èkó kò rí ohun kankan gbé padà, òfìfo ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ gba Lọ́kọ́ja. Tírélà tó já ìrẹsì sí Kánò lè gba ọjà Dáwánáú kó àgbàdo tàbí ẹ̀wà kó tó yíjú sí gúúsù.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ mí lóminú nínú lẹ́tà rẹ ni 30 ọ̀gá rẹ. Ó ti mọ́ jù. Mo ti jókòó sábẹ́ igi ní Tafa pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rí, mo mọ ohùn tí wọ́n fi ń sọ ọ́: o bi dẹ́rẹ́bà pé tọ́ọ̀nù mélòó, kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó ní "tan talatin", ìyẹn tọ́ọ̀nù 30 lédè Haúsá. Iye tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ rẹ̀ ló sọ fún ọ yẹn. Ì báà jẹ́ àpò 400 ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ì báà jẹ́ 900, ohun kan náà ni yóò sọ. Bi í pé "buhu nawa?" (àpò mélòó?), kó ka àpò fún ọ. Kò ní purọ́ ìyẹn, nítorí bí àpò kan bá dín níbi tó ń lọ, owó rẹ̀ ni wọ́n máa yọ. Bí òun bá ń kánjú, bi mọ́tò-bọ́ì rẹ̀, tàbí kí o ní kó na wébíìlì, ìwé ẹrù rẹ̀, sí ọ. Ilé ni kí o ti sọ àpò di tọ́ọ̀nù.

Sìmẹ́ńtì kò ní wàhálà. Àpò kan jẹ́ kílò 50, nítorí náà tírélà tó gbé 600 kúrò ní Obajana gbé tọ́ọ̀nù 30, èyí tó gbé 900 gbé 45. Bẹntiróòlù náà kò le: lítà kan kò pé kílò kan, bíi 0.74 ni, tánkà ọlọ́gbọ̀n-lé-mẹ́ta ẹgbẹ̀rún lítà gbé tọ́ọ̀nù 24 àti díẹ̀. Ohun oko ló ń dani láàmú. Àpò àgbàdo tí gbogbo ayé ń pè ní kílò 100, wọ́n lè gún un mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi okùn hun ẹnu rẹ̀ sókè kó tún gba mudu mélòó kan sí i. Ẹ ra òṣùwọ̀n alágbékọ́, ẹ lọ wọn ogún àpò lọ́jà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tòmátò náà bẹ́ẹ̀, àlùbọ́sà náà bẹ́ẹ̀. Orí ni wọ́n ń ka màlúù, ẹyọ ni wọ́n ń ka iṣu. Àwọn èèyàn tó jókòó sórí ẹrù ní tiwọn, ẹ má kà wọ́n mọ́ ọn, ẹ ṣáà bá wọn gbàdúrà.

Tírélà tó gbé fóòmù ibùsùn ńkọ́? Ó ti kún dé ibi tí okùn kò lè ká a mọ́, síbẹ̀ ẹrù rẹ̀ kò ju tọ́ọ̀nù díẹ̀ lọ. Bí o bá pa á pọ̀ mọ́ ti sìmẹ́ńtì, ìpíndọ́gba tó máa jáde kò ní jẹ́ ti ọkọ̀ kankan tó wà láyé. Ya ọjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí o tó ya irú ọkọ̀ sọ́tọ̀ nínú ọjà kọ̀ọ̀kan.

Ó tún ku àwọn tó dá yín lóhùn. Kántà, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, rọrùn láti dá dúró, tírélà kì í fẹ́ dúró, àwọn tó gbé tòmátò kì í fẹ́ràn oòrùn, òru ni wọ́n ń rìn nígbà tí ẹ ti lọ sùn. Ká ní nínú ọkọ̀ 60 tó dá yín lóhùn, 40 jẹ́ Kántà tó gbé tọ́ọ̀nù 4, 20 jẹ́ tírélà tó gbé 30. Ìpíndọ́gba wọn kò tó 13. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pé kó máa ka ọkọ̀ tó ń kọjá rí Kántà 100 àti tírélà 300. Ìlọ́po 4 lọ́nà 100, ìlọ́po 30 lọ́nà 300, pa wọ́n pọ̀, fi 400 pín in: 23 àti ààbọ̀. Bí ẹ kò bá ní ẹni tó ń kà, fọ́ọ̀mù yín kò lè sọ nǹkan kan nípa títì yẹn.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ ni wọ́n máa ń lọ. Láti 1963 ni wọ́n ti ń kọ̀wé sí wọn: báwo ni ọkọ̀ yín ṣe wúwo lófìfo, báwo ló ṣe wúwo tó bá gbẹ́rù, kí ló máa ń gbé, máìlì mélòó ló ń rìn lọ́dún. Wọ́n ṣe ti 2002 tán, wọ́n dáwọ́ dúró, ó di ti 2021 kí wọ́n tó tún ṣe é. Gbogbo àárín ìgbà yẹn, iye 2002 ni àwọn olùṣètò ṣì ń fi sọ tọ́ọ̀nù di ọkọ̀. Ìbéèrè máìlì yẹn ni kí o ṣàkíyèsí. Ọkọ̀ tó ń sùn sẹ́yìnkùlé olówó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ohùn kan náà pẹ̀lú èyí tó ń rin Kánò sí Èkó láìsinmi.

Má da fọ́ọ̀mù àwọn tó ṣófo nù o. Bí ẹ bá rí wébíríìjì, òṣùwọ̀n ńlá tí ọkọ̀ ń gùn, lò, ìwọ̀n wọn lófìfo ni ẹ máa yọ kúrò lára ti irú ọkọ̀ kan náà tó gbẹ́rù.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ẹgbẹ́ àwa oníṣòwò àgbàdo ní Suleja fẹ́ kó tọ́ọ̀nù 600. A kó ìdajì rẹ̀ sínú lọ́rì tó ń gbé tọ́ọ̀nù 10, ìdajì sínú tírélà tó ń gbé 30. Ọmọ tí mo bí ní ìpíndọ́gba jẹ́ 20, pé ìrìn 30 ló yẹ ká san owó rẹ̀. Akọ̀wé wa san ti 40. Ṣé kò ti rẹ́ wa jẹ báyìí? (Bàbá kan ní Suleja)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àgbà o, bàbá. Akọ̀wé yín kò jí kọ́bọ̀. Lọ́rì máa rìn ní ìgbà 30 kó tó kó 300 tirẹ̀ tán, tírélà máa rìn ní ìgbà 10 kó tó kó tirẹ̀. Ogójì nìyẹn. Ẹ fi 40 pín 600, 15 ni ìpíndọ́gba yín. 20 tí ọmọ yín rí tọ̀nà kìkì bó bá jẹ́ pé iye ìrìn lẹ pín dọ́gba: tírélà 15 á kó 450, lọ́rì 15 á kó 150, ìrìn 30 á sì kó gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ẹ kọ́kọ́ wo oko tí ẹ ti ń kó àgbàdo náà, nítorí tírélà kì í wọ gbogbo ọ̀nà tí lọ́rì ń wọ̀ lásìkò òjò.