Ìdáhùn sí Ìbéèrè Òǹkàwé: Báwo Ni A Ṣe Lè Mọ Ìbọn Omi Tó Dára Tí Yóò Sì Tọ́jọ́?

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọmọ méjì ni mo ní, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 6, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 10, àwọn méjèèjì ló sì fẹ́ràn láti máa fi ìbọn omi ṣeré. Gbogbo èyí tí mo bá rà ni páálí rẹ̀ máa ń sọ pé ó ń yin omi jìnnà gan-an, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò, tàbí tí omi rẹ̀ yóò kàn máa rọ̀ sí ẹsẹ̀ ẹni tó dì í mú. Báwo ni mo ṣe lè dán an wò fúnra mi, kí ni mo sì lè ṣe kí ó fi pẹ́ lọ́wọ́ wọn?

ÌDÁHÙN

A dúpẹ́ fún ìbéèrè yìí, nítorí owó tí òbí ń ná lórí ohun ìṣeré yẹ kó mú ayọ̀ tó tọ́jọ́ wá. Ibi tí omi dé nìkan kò tó láti fi ṣe ìdájọ́ ìbọn omi. Ohun tó ń pinnu bóyá yóò pẹ́ ni àwọn òrùka rọ́bà kéékèèké inú rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí omi àti afẹ́fẹ́ sá jáde, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí eré bá parí.

Kí ẹ tó fi ọ̀kan wé èkejì, ẹ kọ́kọ́ wo irú èyí tó jẹ́. Nínú àwọn kékeré, agbára ìka tó ń fà á ló ń ti omi jáde tààrà, kò sì sí agbára kankan tó wà ní ìpamọ́. Èyí tó ń lo afẹ́fẹ́ yàtọ̀. Lonnie Johnson, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà tó bá àjọ NASA ṣiṣẹ́, ló ronú kàn án ní 1982, nígbà tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀rọ kan nínú ilé rẹ̀ tí omi sì tú jáde pẹ̀lú agbára ńlá. Ní 1990 ni ìbọn náà dé ọjà, nígbà tó sì di 1991 ni wọ́n sọ ọ́ ní Super Soaker. Pọ́ǹpù ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ yìí ló sì ń ti omi jáde. Bí omi ṣe ń dín kù ni àyè ń gba afẹ́fẹ́ sí i tí agbára rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀, ìdí nìyí tí omi ìgbẹ̀yìn fi ń rọ̀ sí tòsí, láìjẹ́ pé ìbọn náà ti bàjẹ́. Ní 1996, irú mìíràn jáde tó ń lo àpò rọ́bà tó ń wú. Bí rọ́bà náà ṣe ń sún kì, ó ń ti omi jáde pẹ̀lú agbára tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà títí omi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní ti àwọn tó ń lo bátìrì, ẹ rí i pé ìdérí ibi tí bátìrì wà ní rọ́bà àti síkúrù.

Láti dán an wò, ẹ yan ìgbà tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, kí ẹ na okùn tí ẹ ti sàmì mítà sí sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ọmọ tí yóò lò ó gan-an sì yìn ín láti ibi èjìká rẹ̀. Ẹ má ṣe ka ibi tí ìkán omi bíi mélòó kan ta dé. Ibi tí èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà balẹ̀ sí ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dojú rẹ̀ kọ iwájú gbọọrọ, lẹ́yìn náà kó gbé ẹnu rẹ̀ sókè díẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti afẹ́fẹ́ tó ń dá omi dúró, gbígbé ẹnu rẹ̀ sókè ní nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 45 ni ì bá gbé omi jìnnà jù, ṣùgbọ́n nítorí afẹ́fẹ́ yìí, èyí tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i ló máa ń dára jù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn omi sínú rẹ̀ pẹ̀lú ife, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi tán. Bí 300 mílílítà bá tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3, a jẹ́ pé 100 mílílítà ló ń tú jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ń yin omi tó wúwo tí kì í tètè fọ́n ká, ṣùgbọ́n táǹkì rẹ̀ á tètè gbẹ; èyí tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín ń pẹ́ kí omi rẹ̀ tó tán, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tètè ń fọ́n omi rẹ̀ ká. Lójú tèmi, ìbọn fífúyẹ́ tí omi rẹ̀ ń pẹ́ ló yẹ ọmọ ọdún 6, nítorí lítà omi kan jẹ́ kílógíráàmù kan. Bó bá jẹ́ pé inú táǹkì kan náà ni omi àti afẹ́fẹ́ ń wà, ẹ má ṣe bu omi kún un dé ẹnu; ẹ fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Àyẹ̀wò tí mo kà sí jùlọ ni ti jíjò. Ẹ fún pọ́ǹpù náà títí yóò fi le lọ́wọ́, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì gbé e lé orí bébà gbígbẹ fún ìṣẹ́jú 10 láìyìn ín. Bí omi bá ń kán láti ẹnu ìbọn, ohun tó ń tì í pa nínú kò dé dáadáa. Bó bá jẹ́ ìdérí táǹkì ni, òrùka rọ́bà rẹ̀ ti yẹ̀ tàbí ó ti gbó. Bó bá jẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti lẹ ike pọ̀ ni, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, nítorí kò sí àtúnṣe tó máa ń pẹ́ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bébà gbẹ, síbẹ̀ tí omi kò dé ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá yìn ín. Afẹ́fẹ́ ló ń sá lọ nígbà náà. Ẹ fi omi ọṣẹ pa ìdérí náà. Ibi tó bá ń hó ni ibi tó ti ń jáde.

Ohun tó máa ń ba ìbọn omi jẹ́ jù lẹ́yìn èyí ni kí a fi í sílẹ̀ sínú oòrùn pẹ̀lú omi àti afẹ́fẹ́ nínú. Oòrùn ń mú kí ike gan, kó sì máa là. Afẹ́fẹ́ tí a ki mọ́ ọn ń fi gbogbo ìgbà na rọ́bà. Bí eré bá parí, kí wọ́n da omi inú rẹ̀ nù, kí wọ́n máa yìn ín títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi tán, kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì gbẹ lábẹ́ òjìji. Omi mímọ́ nìkan ni kí wọ́n máa lò, nítorí iyanrìn ń há ẹnu rẹ̀, ó sì ń ha rọ́bà pọ́ǹpù. Omi gbígbóná lè mú kí ike rẹ̀ tẹ̀. Omi tó bá sì di yìnyín nínú rẹ̀ á fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, á sì là á. Bí pọ́ǹpù bá ń le, ẹ má ṣe fi òróró ọkọ̀ tàbí Vaseline pa á, nítorí wọ́n lè mú kí rọ́bà wú kó sì rọ̀. Gírísì silikóònì ni ẹ lò. Kí àwọn ọmọ sì máa fa pọ́ǹpù tààrà láìtẹ̀ ẹ́, kí wọ́n dáwọ́ dúró bó bá ti le.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe yìn ín sí ojú ara wọn láti tòsí, nítorí omi alágbára lè ṣe ẹyinjú léṣe.

Bí ẹ bá tún fẹ́ rà, ẹ mú èyí tí síkúrù so ara rẹ̀ pọ̀ dípò àtè, nítorí ẹ lè tú u, kí ẹ mú òrùka rọ́bà tó ti gbó jáde, kí ẹ sì fi òmíràn tó bá a dọ́gba ní fífẹ̀ àti ní nínípọn rọ́pò rẹ̀.