Garawa Ẹja Létí Odò Medway

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kent ni mò ń gbé, ó sì ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń dẹ ìwọ̀ létí odò Medway. Ekòló àti ìdin ni mo ń lò, ṣùgbọ́n ẹja pike, ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja mìíràn, ni ọkàn mi wà. Wọ́n ní ẹja kéékèèké tó wà láàyè ló máa ń tètè gbé. Mo fẹ́ fi ike omi ṣe ìgèrè, kí n fi mú ẹja wẹ́wẹ́ nínú adágún tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa, kí n sì fi garawa gbé wọn lọ sí Medway. Tí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ṣé kí n ra ẹja wúrà ní ṣọ́ọ̀bù? Ìyàwó mi tiẹ̀ ní kí n máa ta èyí tó bá ṣẹ́kù fún àwọn tí a jọ ń pẹja. Ṣé òfin gbà á?

Ìdáhùn: Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè kí o tó gbé garawa. Nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ yìí, kò sí ọ̀kan tí òfin gbà bí o ṣe fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n má rò pé fífi ẹja ààyè ṣe ìjẹ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ní England níbí, ibi tí ẹja náà ti wá ni òfin ń wò.

Omi tí o bá ti mú ẹja ni kí o ti lò ó. Roach (irú ẹja kékeré kan) tó bá jáde nínú Medway, Medway ni kí o fi í dẹ ìwọ̀. Èyí tó bá ti inú adágún wá, adágún yẹn náà ló mọ, ìyẹn tí ẹni tó ni adágún bá gbà. Má sì sọ pé o ti pa á kí o tó gbé e lọ. Òkú ẹja tí o mú nínú omi kan, o kò gbọdọ̀ fi ṣe ìjẹ nínú omi mìíràn.

Ó lè dà bí ìnira lójú rẹ. Èmi náà kùn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí ọ̀dọ̀ wa ní etí ọ̀sà, ta ní ń béèrè ibi tí ìjẹ ti wá? Àmọ́ ọdún púpọ̀ ni mo ti fi ń ṣọ́ adágún àwọn ẹgbẹ́ apẹja, mo sì ti wá mọ̀ pé ẹja kì í dá nìkan wọ odò. Omi inú garawa bá a wọ̀ ọ́, ẹyin ẹja mìíràn lè wà nínú omi ọ̀hún, kòkòrò àti àrùn náà sì wà lára rẹ̀. Ẹja kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní topmouth gudgeon. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá, gígùn rẹ̀ kì í sábà ju ìka ọwọ́ lọ. Ó ru kòkòrò kan tí kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan, tó sì ń pa ẹja mìíràn. Ó ń yé ẹyin lemọ́lemọ́, akọ rẹ̀ a sì máa ṣọ́ ẹyin náà lójú méjèèjì. Tó bá ti wọ adágún kan, ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé gbogbo omi yẹn ni Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó omi, máa da oògùn sí kí wọ́n tó rí i pa run. Ìwọ wá fi ìgèrè bu ẹja wẹ́wẹ́, ṣé o lè yà á sọ́tọ̀ lára àwọn yòókù? Èmi gan-an máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Tí o bá fẹ́ mọ bí garawa ṣe ń ba omi jẹ́, wo apá Lake District ní àríwá. Àwọn tó ń wá pike níbẹ̀ máa ń gbé ẹja ààyè láti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n a sì da èyí tó bá kù sínú adágún nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹja ruffe ṣe dé Bassenthwaite, ó sì ń jẹ ẹyin vendace, ẹja tó jẹ́ pé adágún méjì péré ló jẹ́ ilé àbínibí rẹ̀ ní gbogbo England, Bassenthwaite sì jẹ́ ọ̀kan. Kì í ṣe ruffe nìkan ló kó bá vendace níbẹ̀, ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí tó ń ṣàn wọnú omi náà dá kún un, ṣùgbọ́n ohun tí garawa ṣe kò ṣeé kó padà. Ní báyìí, òfin ti ka lílo ẹja omi aláìníyọ̀ fún ìjẹ léèwọ̀ nínú àwọn adágún ńlá ibẹ̀, ìbáà jẹ́ òkú tàbí ààyè.

Ẹja wúrà? Gbàgbé ẹ̀. Ẹja tí o bá rà ní ṣọ́ọ̀bù tí o sì jù sínú odò, ìkóǹkan-wọ-odò ni lójú òfin, o sì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún un. Ẹja ṣọ́ọ̀bù sì lè gbé àrùn wọ odò: àrùn KHV tó ń pa ẹja carp kò ní oògùn, ẹja tó bá sì la àrùn náà já lè máa gbé e kiri láìsí àmì kankan lára rẹ̀.

Ìgèrè náà ńkọ́? Wàá gba àṣẹ lọ́wọ́ Environment Agency kí o tó dẹ ìgèrè tàbí àwọ̀n sínú omi, bó ti wù kó kéré tó. Ọ̀pá ìwọ̀ ni kí o fi mú ìjẹ rẹ. Lóòjọ́, ẹja kékeré mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (15) tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ ni o lè mú kúrò nínú odò, irú bíi roach, perch àti dace. Gudgeon lásán (kì í ṣe topmouth gudgeon) kò sí lára iye yẹn, a kì í kà á mọ́ ọn. Eel, ẹja tó gùn bí ejò, kí o dá a padà láàyè. Edé odò ńlá (crayfish), irú èyí tó wù kó jẹ́, má fi ṣe ìjẹ láé. Láti 15 March títí di 15 June, odò wà ní títì pa fún irú ẹja báwọ̀nyí, nítorí náà kò sí ìjẹ tí wàá mú níbẹ̀, kò sì sí pike tí wàá wá.

Mo sì mọ̀ pé o ti ń ronú ọbẹ̀ ata. Pike kan ṣoṣo lóòjọ́ ni o lè gbé lọ sílé láti inú odò, kò sì gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 65 lọ. Ẹgbẹ́ apẹja tàbí onílẹ̀ tún lè ní òfin tó le ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà kí a mú ẹja kankan lọ, ọ̀pọ̀ kì í sì í gba ẹja ààyè lórí ìwọ̀ rárá. Ka ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì rẹ. Làísẹ́ńsì ìjọba kò fún ọ láyè lórí omi ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n tí o bá ń pẹja láìní i, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £2,500. Tí o bá sì lọ ṣe họlidé ní Scotland, fi ẹja ààyè sílẹ̀ pátápátá. Òfin wọn kò gbà á.

Kí ni kí o wá lò? Titus. Bẹ́ẹ̀ ni, titus tí ìyá rẹ ń dín. Ẹja òkun ni, kò sí odò tó ti ń gbé àrùn wá, òróró rẹ̀ sì ń rùn jìnnà nínú omi tútù. Gé e sí méjì, fi ẹ̀yìn ìrù kọ́ ìwọ̀, kí o sì fi okùn onírin so ó nítorí eyín pike. Ní oṣù January, tí omi bá tutù tí pike kò fẹ́ sáré lé nǹkan, èmi kì í fi titus sílẹ̀ lọ lo ẹja ààyè.

Ní ti òwò ìyàwó rẹ, rò ó wò: ẹja tí o bá tà fún ẹni tó ń lọ sí odò mìíràn, onítọ̀hún kò lè lò ó láìrú òfin. Ta ló kù tí yóò rà á? Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó bá ń sin ẹja tà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ìlera ẹja, ẹni tó bá sì mú ẹja nínú omi aládàáni láìgbàṣẹ, olè ni. Ìdin, ekòló àti titus dídì ni kó tà. Páìntì ni wọ́n fi ń wọn ìdin níbí, kò sì sí apẹja tí kì í rà á. Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Tí ooru bá mú ìdin, kì í pẹ́ tó fi ń di eṣinṣin, nítorí náà inú fìríìjì ni wọ́n ń gbé e sí. Kí ìyàwó rẹ tètè mọ̀ báyìí, kí ẹ sì ra fìríìjì mìíràn.