Ọjọ́rú ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, kì í ṣe Ọjọ́bọ̀

Òǹkàwé kan tó pe ara rẹ̀ ní "Ẹni Tí Ìwé Ń Dà Láàmú" ló kọ lẹ́tà yìí. Mo gé e kúrú, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ kúrò nínú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Mo ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi. Mo sì ń kọ ìwé ìtàn àròsọ kan lọ́wọ́, ó ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé. Mo ní àfẹ́sọ́nà, ọdún kẹta rèé tí a ti ń bá ara wa bọ̀. Ẹ gbọ́ bí ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣe lọ. Lọ́jọ́ Ajé, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo sì jókòó ti ìwé mi títí di aago méjì òru. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo kọ nọ́ńbà kan sódì nínú ìwé oníbàárà, ọ̀gá mi sì bá mi wí lójú gbogbo ènìyàn. Lọ́jọ́rú, oorun gbé mi lọ nígbà tí àfẹ́sọ́nà mi ń sọ fún mi lórí fóònù pé ara ìyá òun ò yá. Lọ́jọ́bọ̀, ó yẹ kí a jọ jáde, mo bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé iṣẹ́ dá mi dúró sí ọ́fíìsì. Lóòótọ́, ọ́fíìsì ni mo wà, ṣùgbọ́n orí kẹsàn-án ìtàn mi ni mo ń kọ. Àánú mi ló ṣe é, ó wá gbé mi, ó sì rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Kò pariwo. Ó kàn ní, 'Ká ní ọkùnrin mìíràn ni, ǹ bá mọ bí màá ṣe bá a jà.' Láti ọjọ́ náà, 'o káàárọ̀' àti 'ó dàárọ̀' ló kù láàárín wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n pa ìwé tì títí a ó fi ṣègbéyàwó, ó ní ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò pa. Àǹtí, nínú iṣẹ́, ìwé àti ìfẹ́, èwo ni kí n fi sílẹ̀?"

Àbúrò mi, ta ló ní kí o fi nǹkan sílẹ̀? Mo wá a nínú lẹ́tà rẹ, mi ò rí i. Nọ́ńbà ni ọ̀gá rẹ bá ọ wí lé lórí, kò tilẹ̀ mọ̀ pé o ń kọ̀wé. Ọkùnrin rẹ ò sì sọ pé kí o má kọ̀wé mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ nìkan ló dá ẹjọ́ yẹn, òun kọ́ sì ni ẹ̀ ń fẹ́ra.

Mo mọ òwe eléku yẹn, ó sì ní ibi tó wúlò sí. Àmọ́ Amos Tutuola, ìránṣẹ́ ni ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní London ní ọdún 1952. Toni Morrison, òǹkọ̀wé obìnrin ará Amẹ́ríkà, ń ṣiṣẹ́ olóòtú ní ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀wé, ó ń dá tọ́ ọmọkùnrin méjì, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló sì máa ń jí kọ tirẹ̀. Ní 1970 ni ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Àwọn tó kọ̀wé láìní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ò pọ̀. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ àti ìwé dẹ́rù bà ọ́.

Wàá ní ìfẹ́ ńkọ́? Ó dáa. Ẹnì kan wà tó gbà bíi ti ọ̀rẹ́ rẹ pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún èkejì. Òǹkọ̀wé ni, Franz Kafka lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì adójútòfò ní ìlú Prague, òru ló fi ń kọ̀wé. Ó ní àfẹ́sọ́nà kan, Felice Bauer, ní Berlin. Ọ̀kẹ́ àìmọye lẹ́tà ló kọ sí i, ó sì ń sọ nínú wọn pé ẹ̀rù ń ba òun kí ìgbéyàwó má gba ìdákẹ́jẹ́ tí òun fi ń kọ̀wé lọ́wọ́ òun. Wọ́n ṣe àdéhùn ìgbéyàwó ní 1914, ó túká. Wọ́n tún ṣe é ní 1917, ó tún túká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ wà lára ohun tó fà á lẹ́ẹ̀kejì yẹn. Kò fẹ́ ìyàwó títí tó fi kú ní 1924. Ìwé tirẹ̀ wà káàkiri ayé lónìí, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ni obìnrin yẹn fi wà lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ti dá ẹjọ́ tán kí ó tó pè é wọlé. Ohun tí mi ò fẹ́ kí o ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn.

Ó sì jọ pé o ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Wo irọ́ tó o pa lọ́jọ́bọ̀. O ò sọ pé orí ń fọ́ ọ, o ò sọ pé àlejò dé. Iṣẹ́ lo fi bojú, nítorí o mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ iṣẹ́, gbogbo ènìyàn á dákẹ́. Owó oṣù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé tí kò tíì mú kọ́bọ̀ wọlé, ìwọ fúnra rẹ lo ò gbà pé ó tó ohun tí ènìyàn lè dárúkọ fún olólùfẹ́ rẹ̀. Ṣé o ti fìgbà kan jókòó tì í, kí o sọ pé, "Ìwé ni mo fẹ́ kọ lálẹ́ òní, jẹ́ ká sún ìjáde wa di ọ̀la"? Kò sí nínú lẹ́tà rẹ. O ti bá a dáhùn pé rárá, láìbi í ní ìbéèrè, o wá sá pamọ́ fún ìdáhùn tí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tó sọ fi dà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń jowú ìwé. Ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ fún ènìyàn, tí wọ́n parọ́ nítorí rẹ̀, tí wọ́n ń lọ bá lálẹ́, àlè ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé orí kẹsàn-án ìtàn kan ni?

Nísinsìnyí, jẹ́ kí n sọ ohun tí o ò retí. Ọjọ́bọ̀ ló ń dà ọ́ láàmú, Ọjọ́bọ̀ náà lo fi ìlà tó pọ̀ jù kọ. Èmi, Ọjọ́rú ló gún mi lọ́kàn. Ọkùnrin kan pè ọ́ lórí fóònù pé ara ìyá òun ò yá, o sùn lọ, o sì fi ìlà kan ṣoṣo rò ó. Títí tó o fi kọ orúkọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, o ò sọ ohun tó ń ṣe ìyá náà, o ò sọ bóyá ara wọn ti yá. Ó lè jẹ́ pé ohun tó ń ká ọkùnrin yìí lára nìyẹn, tí irọ́ Ọjọ́bọ̀ wá bá a lórí ọgbẹ́. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Pè é lónìí, ìyá rẹ̀ ni kí o béèrè. Bí o bá lè lọ kí wọn, lọ. Sọ fún un pé oorun ló gbé ọ lọ lọ́jọ́ yẹn, pé ohun tó ń sọ ò tó ohun tí ènìyàn ń sùn lé lórí, kí o ní kó tún un sọ fún ọ. Lọ́jọ́ yẹn, má dárúkọ ìwé rárá. Má ṣàlàyé. Bí o bá ṣàlàyé, ìwé tún ti jókòó sáàárín yín nìyẹn.

Lọ́jọ́ mìíràn ni kí o wá sọ ti Ọjọ́bọ̀. "Mo parọ́ fún ọ. Ìtàn mi ni mo ń kọ, ojú ń tì mí láti sọ bó ṣe jẹ mí lọ́kàn tó." Ìyẹn tó. Kó má di pé wàá máa ka iye ìgbà tí òun náà pẹ́ dé tàbí tó gbàgbé ọjọ́ ìbí rẹ.

Ti àkókò kò le tó bó o ṣe rò ó. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Yọ wákàtí 7 oorun lójúmọ́ kúrò, 49 nìyẹn. Iṣẹ́ àti lílọ bíbọ̀ rẹ̀, ká pè é ní 55. Ìwẹ̀, oúnjẹ, aṣọ fífọ̀ àti gbogbo wàhálà ilé, 20. Ó ṣì ku 44. Nínú 44 yìí, wákàtí 6 péré ni mo fẹ́ kí o fún ìwé: wákàtí kọ̀ọ̀kan ní àárọ̀ ọjọ́ méjì kí o tó lọ síbi iṣẹ́, àti wákàtí mẹ́rin ní àárọ̀ Àbámẹ́ta. Bí o bá ń kọ 300 ọ̀rọ̀ ní wákàtí kan, 1,800 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ 45, ó ti di 81,000, ìwé ìtàn tó tóbi ni. Ọdún kan ò tíì pé.

Òru tó o ń gùn yẹn ò ṣe ọ́ láǹfààní kankan. Àwọn onímọ̀ ti dán an wò, wọ́n rí i pé ẹni tó bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17 sí 19, ọpọlọ rẹ̀ máa ń falẹ̀ bíi ti ẹni tó ti mutí díẹ̀. Bí o bá jí ní aago mẹ́fà àárọ̀ tó o ṣì ń kọ̀wé ní aago méjì òru, ogún wákàtí rèé. Nọ́ńbà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti ṣàlàyé ara rẹ̀. Kódà, padà lọ ka ohun tó o kọ lóru ọjọ́ Ajé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé wàá pa ìdajì rẹ̀ rẹ́.

Kí n tó gbàgbé: gbé ìtàn rẹ kúrò lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Lọ ka ìwé àdéhùn tó o fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá fi irinṣẹ́ àwọn ṣe, tàbí tó ṣe lákòókò iṣẹ́, tiwọn ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọjọ́ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ lójú, orí kẹsàn-án náà wà nínú ilé.

Wákàtí mẹ́fà tí mo kà yẹn, jẹ́ kí àfẹ́sọ́nà rẹ mọ̀ wọ́n bó ṣe mọ àkókò iṣẹ́ rẹ. Jẹ́ kó bá ọ yan ọjọ́ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kí ẹ sì yan àkókò tiyín, èyí tí ìtàn ò gbọdọ̀ yọjú sí, tí fóònù yóò wà nínú àpò. Bí gbólóhùn kan bá sọ sí ọ lọ́kàn lásìkò yẹn, jẹ́ kó lọ. Èyí tó bá dáa á padà wá.

Bó bá ní òun fẹ́ ka díẹ̀ níbẹ̀, fún un ní orí kan, má sì jókòó tì í máa wo ojú rẹ̀. Òun kọ́ ni olóòtú rẹ.

Gbogbo èyí, mo sọ ọ́ nítorí mo gbà pé ènìyàn rere lò ń fẹ́: ó rí irú ohun tó rí, kò sì pariwo. Bó bá gbọ́ òótọ́ tán, tó rí àkókò tirẹ̀ tó ò ń pa mọ́ fún un, tó ṣì ní àfi kí o yàn nínú òun àti ìwé, kọ̀wé sí mi padà. Lẹ́tà mìíràn nìyẹn, ìdáhùn tí màá fún ọ yóò sì yàtọ̀ sí èyí.