"Accuracy" àti "precision": ibi tí wọ́n ti pínyà

Àbúrò wa tó ń béèrè ìdí tí ọ̀gá rẹ̀ fi fa igi lé ọ̀rọ̀ náà "accurate" nínú ìjábọ̀ rẹ̀, ọ̀gá yẹn ò ṣàṣejù o. O ní o gbé nǹkan kan náà sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀marùn-ún, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń sọ, lo bá kọ ọ́ pé òṣùwọ̀n náà "accurate". Ohun tó o fi hàn ni pé ó ní "precision". Ti "accuracy", o ò tíì débẹ̀.

"Precision" ń sọ bí àwọn èsì ṣe sún mọ́ra wọn tó. "Accuracy" ń sọ bí wọ́n ṣe sún mọ́ òótọ́ tó. Ìwé atúmọ̀ èdè sábà máa ń fi ọ̀kan túmọ̀ èkejì, nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ pàápàá kò sẹ́ni tó máa bá ẹ jà tó o bá pààrọ̀ wọn. Lẹ́nu iṣẹ́ wíwọn nǹkan, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní láàbù, ẹ̀rọ tó ń parọ́ láìyí ohùn padà ló sì tíì jẹ́ kójú mi rí màbo jù. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n gbé òṣùwọ̀n oníná tuntun kan dé. Ohun tá a bá gbé lé e láàárọ̀, tá a bá tún gbé e lé e nírọ̀lẹ́, nọ́ńbà kan náà ni. Gbogbo wa gbà á gbọ́. Ìgbà tí èsì wa àti ti láàbù míì ò bára mu ni wàhálà dé: a di ẹ̀bi ru kẹ́míkà, a di ẹ̀bi ru ẹni tó pò ó, a tún gbogbo iṣẹ́ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni ẹnì kan tó gbé irin tí wọ́n ti fọwọ́ sí pé ó jẹ́ gíráàmù 100 lé e. 99.69 ló kà. A tún un gbé, 99.69.

Ibi tí wọ́n ti ṣètò òṣùwọ̀n náà kí nọ́ńbà rẹ̀ lè bá òótọ́ mu ló fà á. Agbára tí ayé fi ń fa nǹkan wálẹ̀ ni òṣùwọ̀n oníná ń wọ̀n, òun ló wá ń ṣírò sí gíráàmù. Agbára yẹn ò sì dọ́gba káàkiri: nǹkan bíi 9.83 m/s² ni ní òpin àríwá àti gúúsù ayé, 9.78 sì ni nítòsí ìlà agbedeméjì ayé. Òṣùwọ̀n tí wọ́n bá ṣètò síbi tó ti jẹ́ 9.81, tí wọ́n wá gbé lọ síbi tó ti jẹ́ 9.78 láìtún un ṣètò, á máa yọ nǹkan bíi gíráàmù 0.3 nínú 100, lójoojúmọ́, láìtàsé. (Òṣùwọ̀n àtijọ́ alápá méjì bọ́ nínú èyí, torí bí agbára náà ṣe dín lápá kan ló dín lápá kejì.)

Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn kí wọ́n máa fi ọfà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí: tí gbogbo ọfà bá bọ́ sójú kan, àmọ́ tí wọn ò ba àmì, "precision" wà, "accuracy" ò sí. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gba ti àpèjúwe yẹn. Nínú àwòrán tí wọ́n máa ń yà, ojúkojú ni àmì wà. Lẹ́nu iṣẹ́, ṣe ni wọ́n faṣọ bo àmì. Ibi tí ọfà bọ́ sí nìkan lò ń rí, tí gbogbo wọn bá sì kóra jọ, ọkàn rẹ á balẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n tí èsì rẹ̀ ń fò sókè sódò kì í fi í bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ó ka gíráàmù 100 sí 98, 103, 99, 101, 99. Kò dáa lójú, àmọ́ ó ń kìlọ̀ fún ẹ, tó o bá sì ro márààrún pọ̀, tó o pín in, 100 ló máa jáde. Tó o bá wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mẹrin tó o sì pín in bẹ́ẹ̀, bí èsì ṣe ń fò á dín kù sí ìdajì. Kó tó dín sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, àfi kó o wọ̀n ọ́n nígbà 100. Ṣùgbọ́n kó o wọn irin yẹn nígbà 1,000 lórí òṣùwọ̀n tiwa, 99.69 náà ni. Kí n má parọ́ mọ́ ọn ṣá: lọ́jọ́ tá a mọ iye tó ń yọ, òun ló di òṣùwọ̀n tó dáa jù nínú láàbù wa, torí àṣìṣe tí kì í yí padà ṣeé ṣírò kúrò.

Nọ́ńbà gígùn náà máa ń tanni. Ẹni tó kọ 3.15926 fún pi (tó jẹ́ 3.14159 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ) kọ nọ́ńbà tó pọ̀ ju ti ẹni tó kọ 3.14, síbẹ̀ 3.14 ló sún mọ́ òótọ́ jù.

Ohun kan ṣì lè dà ẹ́ láàmú. Tí ilé iṣẹ́ yín bá ń tẹ̀ lé ISO 5725, ìyẹn ìlànà àgbáyé lórí "accuracy" àti "precision" nínú wíwọn nǹkan, ohun tí mò ń pè ní "accuracy" bọ̀ látòkè, "trueness" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. "Accuracy" tiwọn kó "trueness" àti "precision" pọ̀. Bi ọ̀gá rẹ pé èwo ló ń lò kó o tó tún ìjábọ̀ yẹn kọ. Èyí tó o ṣe, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo wọn nǹkan kan náà lórí òṣùwọ̀n kan náà láàárín àkókò díẹ̀, "repeatability" ni kó o pè é. Tí ẹlòmíì bá wọ̀n ọ́n ní láàbù tirẹ̀, lórí òṣùwọ̀n tirẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ "reproducibility".