Ọwọ́ òsì mi ò gbé mọ́ lẹ́yìn tí ọkọ mi tú okùn lára mi

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹni ọdún 34 ni mí, Bódìjà lèmi àti ọkọ mi ń gbé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí a ti ń fi okùn ṣeré nínú yàrá, àwa méjèèjì la sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ Sátidé, mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di apá mi sẹ́yìn fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó tú mi, ọrùn-ọwọ́ òsì mi ò gbé dáadáa, ẹ̀yìn ọwọ́ náà sì kú. Ọkọ mi ní ká jáwọ́ pátápátá. Èmi ò fẹ́ jáwọ́. Kí ni ká ṣe?
— Ìyàwó Bódìjà

Ọmọ mi, o ò ṣẹ̀ mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tọ́jú egungun àti iṣan kí n tó fẹ̀yìn tì sí Mọ́kọ́lá níbí. Àwọn tó ní “ilẹ̀kùn ló gbá mi lọ́wọ́” pọ̀ nínú àwọn tí mo tọ́jú, mo sì máa ń ṣe bí ẹni tó gbà.

Gbé ọrùn-ọwọ́ yẹn sókè báyìí, kí o la ìka márààrún. Bí kò bá gbé, lọ rí dókítà lónìí. Má parọ́ ilẹ̀kùn fún un, sọ pé okùn ni.

Iṣan kan (nerve ni, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀) ló yí egungun apá ká láti ẹ̀yìn, láàárín èjìká àti ìgbúnwọ́. Òun ló ń gbé ọrùn-ọwọ́ sókè. Bí okùn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun, ọwọ́ á rọ wọ̀ọ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Ọ̀mùtí tó gbé apá kọ́ ẹ̀yìn àga sùn máa ń jí bá irú rẹ̀. Ó sábà máa ń sàn, àmọ́ ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Ìka tó pọ́n dáadáa kò sọ pé ara iṣan le o! Torí náà, bí okùn bá wà lára rẹ, kí ọkọ rẹ máa gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ léraléra, kí o fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà tì í. Bí agbára bá ti dínkù, kó tú ọ lójú ẹsẹ̀.

Ìkúnlẹ̀, apá lẹ́yìn, ogójì ìṣẹ́jú? Ó pọ̀ jù. Ẹ gbìyànjú ipò yòówù láìsí okùn ná, lọ́sàn-án, kí ẹ wo aago. Iye ìṣẹ́jú tó bá gbà kó tó máa ro ọ́, má ṣe jẹ́ kí okùn wà lára rẹ dé ìdajì rẹ̀. Ìdúró pẹ̀lú ọwọ́ tí a so sókè, mi ò fọwọ́ sí i fún yín rárá: bí òòyì bá kọ́ ọ, ọrùn-ọwọ́ ni gbogbo ìwúwo rẹ á dà lé. Ọrùn ńkọ́? Okùn ò gbọdọ̀ débẹ̀.

Ìborùn tó fẹ̀ sàn ju okùn tín-ín-rín lọ, kí ìka méjì sì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ ra àlùmọ́gàjí tí a fi ń gé báńdéèjì, èyí tí ṣóńṣó orí rẹ̀ kò mú. Kí òun àti tọ́ọ̀ṣì wà nítòsí, ẹ ṣáà mọ bí iná ìlú yìí ṣe rí.

“Jọ̀ọ́” kò tó láti fi dá eré dúró, torí ẹ máa ń sọ ọ́ nínú eré. Ẹ mú “Ògùnpa”. Kò sẹ́ni tí í pe Ògùnpa lórí bẹ́ẹ̀dì.

Kí okùn sinmi títí ọwọ́ náà á fi padà sípò. Kọ̀wé sí mi bí dókítà bá ti rí ọ.