Ológbò mi kì í dúró kí n yà á: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá Onífọ́tò. Télọ̀ ni mí, Sábó ni mò ń gbé níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní ológbò dúdú kan, Dúdúyẹmí lorúkọ ẹ̀, ó ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ mi. Ìwà ẹ̀ ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, á lọ sùn sórí maṣíìnì mi, á máa bá aláǹgbá ṣe ọ̀tá láti ojú fèrèsé, tó bá sì rí i pé mo fẹ́ gé aṣọ, á wá nà gbalaja sórí páálí tí mo fi ń yọ pátánù. Ṣùgbọ́n kí n ṣáà ti gbé fóònù báyìí, á dìde, á kẹ̀yìn sí mi, ó di ẹ̀yìnkùlé. Èyí tí mo bá sì ráyè yà, á kàn dúdú bí èédú ni, ojú méjì péré ló máa ń tàn yanran níbẹ̀, àwọn ọmọ mi ní ó ń ba àwọn lẹ́rù. Fọ́tò ẹ̀ kan tó dáa ni mo fẹ́, tí mo lè fi sí fúrémù. Ṣé dandan ni kí n ra kámẹ́rà ni? Mo tún ń rò ó pé kí n rán agbádá kékeré kan fún un tí mo bá fẹ́ yà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Ìdáhùn

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ o. Ẹ má tíì ra kámẹ́rà kankan, fóònù ọwọ́ yín yẹn tó o. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ yí padà ni pé kẹ́ ẹ má pe ológbò wá síbi fọ́tò mọ́, ẹ gbé fọ́tò lọ bá a níbi tóun fúnra ẹ̀ ti máa ń wà.

Èmi náà pẹ́ kí n tó mọ èyí. Fọ́tò èèyàn ni mò ń yà jù, àwọn ọmọ LAUTECH tó ń jáde ní yunifásítì, ìyàwó tuntun, ọmọ tuntun, iṣẹ́ àṣẹ sì ni iṣẹ́ yẹn, gbé àgbọ̀n sókè, yíjú síbí, rẹ́rìn-ín díẹ̀, èèyàn á sì ṣe é. Nígbà tí màámi wá ní kí n bá àwọn ya ológbò tó ń ṣọ́ èkúté nínú ṣọ́ọ̀bù èlùbọ́ wọn, àṣẹ yẹn náà ni mo gbé lọ, mo pè é, mo gbé e sórí àga, mo gbé e padà, odindi ọ̀sán kan, kò sí ìkan tó ṣeé wò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo kàn jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò èlùbọ́ ni, mi ò pè é, mi ò wò ó, mo gbé kámẹ́rà sórí itan. Nígbà tó yá ó wá fúnra ẹ̀, ó gbóòórùn lẹ́ńsì, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra á, ló bá gun orí àpò lọ, ó ká ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ abẹ́ bí adìẹ tó sàba, ó ń wò mí. Fọ́tò yẹn ṣì wà lára ògiri màámi títí dòní.

Ìdí tí Dúdúyẹmí fi ń dìde ni pé lójú ológbò, kéèyàn tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú, ìjà ni wọ́n fi ń wá. Ẹ wá wò ó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í tẹjú mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, ẹ ṣàdédé gbé ohun dúdú kan síwájú ojú, ẹ sì kọjú ẹ̀ sí i gbọnrangandan, kò ní ṣe kó má lọ. Torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láìya nǹkan kan. Fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí fóònù máa wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó gbóòórùn ẹ̀, kó sú u. Tó bá wò yín, ẹ rọra pa ojú dé, kẹ́ ẹ rọra là á, bíi pé oorun ń kùn yín. Ológbò tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ máa ń ṣe é padà fún èèyàn, tó bá sì ti ń ṣe é, ẹ ti wọlé sí i lára nìyẹn. Kẹ́ ẹ sì pa ohùn tí fóònù máa ń ké tó bá ń yàwòrán, etí ológbò ń gbọ́ ohun tétí tiwa ò lè gbọ́ rárá.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa yà á, ẹ ti sọ ọ́ tán nínú ìbéèrè yín. Orí maṣíìnì, ojú fèrèsé, orí páálí. Níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ohun tó kù ni pé kẹ́ ẹ ti tún ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ṣe kóun tó dé. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ara ológbò máa ń yá jù, ọ̀pọ̀ ọ̀sán oorun ni, ó sì dùn mọ́ mi pé àsìkò méjèèjì yẹn náà ni ìmọ́lẹ̀ ilẹ̀ yìí máa ń tutù. Ẹ máa wo nǹkan bí aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, àti aago mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ọ̀sán gangan ò dáa fún un, àfi tó bá jẹ́ abẹ́ igi máńgòrò tàbí inú bàrándà lẹ wà. Tó bá wá di ìgbà ọyẹ́, ẹ gbádùn ara yín, eruku tó wà lójú ọ̀run yẹn máa ń sẹ́ oòrùn bí asẹ́, ìmọ́lẹ̀ á kàn tú ká ni, kò ní le, kò sì ní òjìji tó pọ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ máa nu lẹ́ńsì fóònù yín, ọyẹ́ o, ọyẹ́ kọ́ o. Fóònù tó ń wọ àpò aṣọ télọ̀ á ti kó ìdọ̀tí òwú, ìyẹn nìkan ń mú kí fọ́tò ṣe bàìbàì, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní fóònù òun ò dáa, kò sì sí nǹkan tó ṣe fóònù náà.

Tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá le jù, ẹ ta aṣọ láínìn funfun kan sójú ẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ní in jù mí lọ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ èédú yẹn, torí ibẹ̀ gan-an lèmi rò pé ìṣòro yín wà. Fóònù kì í mọ̀ pé ológbò dúdú ni, ó kàn ń wo gbogbo ohun tó wà níwájú ẹ̀ ni, ó ń wá bó ṣe máa ṣe é kó má mọ́lẹ̀ jù kó má sì ṣókùnkùn jù. Tẹ́ ẹ bá yà á tí ògiri funfun tàbí ojú ọ̀nà wà lẹ́yìn ẹ̀, fóònù á rí funfun yẹn, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ológbò yín á di èédú. Tó bá sì jẹ́ pé ojú ológbò nìkan ló kún inú fọ́tò, á rí dúdú, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ológbò á di eérú. Nítorí náà, lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí fèrèsé wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ máa gba ara ẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́. Irun dúdú ń dán, dídán yẹn ló sì máa fi bí ara ẹ̀ ṣe rí hàn, ejìká, ìka ẹsẹ̀, irun imú. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ọwọ́ yín tààrà lọ bá a máa ń pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹ̀ lórí fóònù, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, fóònù á dúró síbẹ̀, àmì oòrùn kékeré kan á sì yọ lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ fà á sókè díẹ̀ tó bá ṣókùnkùn, ẹ fà á sísàlẹ̀ tó bá ń ṣe eérú. Tẹ́ ẹ bá ṣe é dáadáa ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lè wá rí i pé Dúdúyẹmí ò dúdú tán, ọ̀pọ̀ ológbò dúdú ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú lábẹ́ irun, òmíì tiẹ̀ ní ilà fírífírí tí ojú lásán ò tètè rí.

Ojú tó ń tàn yẹn, fláàṣì ni. Ohun kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ológbò tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí, òun ló ń jẹ́ kó máa ríran ní òru, tẹ́ ẹ bá wá tan fláàṣì sí i, dígí yẹn á dá a padà fún yín. Ẹ bá mi ṣàlàyé fáwọn ọmọ, kẹ́ ẹ sì pa fláàṣì yẹn pátápátá. Ó ń dùn mí bí wọ́n ṣe máa ń fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sọ ológbò dúdú di àjẹ́ láàárín àdúgbò, nígbà tó jẹ́ pé iná fóònù ló ń wo èèyàn padà.

Ẹ má gbára lé gílóòbù náà. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù tó ń lo iná NÉPÀ wa ń lọ ó ń bọ̀ ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú ò rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà lè rí i, òun ló ń fa ilà dúdú dúdú tó máa ń gba fọ́tò kọjá nígbà míì. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà tí iná sì di dandan, kó jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí fún 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá, ilà yẹn á lọ, àmọ́ ológbò ní láti wà lójú kan.

Fún ìgbà tó bá ń bá aláǹgbá ṣe ọ̀tá, ẹ̀yin ẹ máa wo etí àti ìrù. Kó tó fò, ìdí á kọ́kọ́ máa jó díẹ̀díẹ̀, ìrù á máa lù síbí lù sọ́hùn-ún, ọmọlójú á fẹ̀ rogodo. Òmíì tiẹ̀ máa ń gbọn àgbọ̀n kẹkẹkẹ tó bá rí ẹyẹ lókèèrè, mi ò rí ohun tó wù mí yà tó ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa yà léra léra láti ìgbà tí ìdí bá ti ń jó, ẹ má dúró dìgbà tó bá fò. Lórí iPhone tuntun, ẹ fa bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fi ń yà á sọ́wọ́ òsì, lórí Samsung ẹ fà á sísàlẹ̀. Tí tiyín ò bá ṣe é, ẹ gbà á ní fídíò, kẹ́ ẹ mú ibi tó dáa jù nínú ẹ̀. Ẹni tó ń lo kámẹ́rà, kí ojú ẹ̀ má ṣí ju 1/500 ìṣẹ́jú àáyá lọ fún eré, 1/1000 fún fífò. Láti 2019 ni Sony ti fi ohun tó ń dá ojú ẹranko mọ̀ sínú àwọn kan lára kámẹ́rà wọn, àwọn yòókù náà sì ti ní in báyìí, ó ń gbani lọ́wọ́ wàhálà gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ o. Mo rí i pé ìdúró lèèyàn fi ń ya ológbò, orí àti ẹ̀yìn nìkan ló máa ń hàn. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí lẹ́ńsì yín bá ojú ẹ̀ dọ́gba. Kẹ́ ẹ má sì gbá gbogbo ilé mọ́ kúrò nínú fọ́tò. Ike omi àti ọ̀rá lẹ lè gbé kúrò, ṣùgbọ́n téèpù ìwọnṣọ, ṣọ́ọ̀kì, àjákù ańkárá, ẹ fi sílẹ̀, ológbò télọ̀ ni, ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí ológbò màámi.

Nǹkan kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa ni ọ̀rọ̀ òwú. Ẹ má fi òwú fà á mọ́ra kẹ́ ẹ lè rí fọ́tò, bó ti wù kó dùn ún wò tó. Ahọ́n ológbò ní nǹkan gbẹ́ṣẹgbẹ́ṣẹ tó kọjú sẹ́yìn, ohun tó bá ti mú, inú ọ̀fun ló ń gbé e lọ, òwú lè ká ìfun jọ, ó sì lè pa á, abẹ́rẹ́ tó bá tún wà nídìí òwú burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá rí òwú tó yọ lẹ́nu ẹ̀ tàbí nídìí ẹ̀, ẹ má fà á, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kíá. Ìyẹ́ adìẹ tẹ́ ẹ so mọ́ igi gígùn dáa ju òwú lọ, kẹ́ ẹ sì gbé e pamọ́ lẹ́yìn eré. Fún ìpè, ẹja gbígbẹ bíńtín tó, èyí tí ò ní iyọ̀ púpọ̀, ẹ má bù fún un látinú ọbẹ̀ torí àlùbọ́sà ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ológbò léṣe.

Agbádá ńkọ́? Èmi ò fara mọ́ ọn, àǹtí mi, ẹ má bínú. Mo ti rí ológbò tí wọ́n wọ aṣọ fún, á lẹ etí mọ́ orí, á wólẹ̀, kò ní mira, àwọn èèyàn á sì ní ó gbádùn ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á. Dúdúyẹmí tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí fúrémù ò ní sí nínú agbádá yẹn. Aṣọ tẹ́ ẹ lè lò ni èyí tẹ́ ẹ máa tẹ́ sábẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní aṣọ òkè Ìsẹ́yìn kan nílé, ẹ mú sányán, àwọ̀ ẹ̀ tó dà bí iyẹ̀pẹ̀ yẹn á gbé dúdú jáde láìpọ̀jù, àlàárì náà dáa. Ẹtù ni kẹ́ ẹ má mú, á gbé e mì. Ẹ tẹ́ ẹ sórí maṣíìnì ní alẹ́, kẹ́ ẹ lọ sùn, á ti bá a níbẹ̀ tó bá di àárọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti rí èyí tó wù yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí onífọ́tò lórí WhatsApp bí ẹ ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́, ó máa ń fún un pọ̀ ni, tó bá dórí bébà á wá fọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Fúrémù 8×10 ínṣì ń fẹ́ nǹkan bíi 2400×3000 píksẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di fọ́tò, kó tó mọ́ ketekete, ọ̀pọ̀ fóònù ìsinsìnyí sì kọjá bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá ṣáà ti gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kù jù. Kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ kékeré kan jáde fún yín ná, torí dúdú máa ń ṣókùnkùn sí i lórí bébà ju ojú fóònù lọ, tí ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá hàn lórí kékeré yẹn, ẹ ní kí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún un kí wọ́n tó tẹ ńlá.