Ìwé Ìrìnnà Méjì, Ìwé Àṣẹ Ìkẹ́kọ̀ọ́ Kan: A Dáhùn Ìbéèrè Yín Lórí Kánádà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìlú Ọba ni wọ́n bí mi sí, mo ní ìwé ìrìnnà ibẹ̀, mo sì ní ti Nàìjíríà. Ìbàdàn ni mo ń gbé báyìí. Yunifásítì Manitoba ti gbà mí fún másítà ọlọ́dún méjì. Èwo ni kí n fi béèrè ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́? Ṣé mo lè dákẹ́ lórí èkejì? Kánádà ti kọ̀ láti fún mi ní físà rí lórí ti Nàìjíríà. — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

Ẹ fi ti ìlú Ọba béèrè, ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́ lórí ti Nàìjíríà rárá. Ibi ìdákẹ́ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí àwọn bá ti pààrọ̀ ìwé ìrìnnà, àwọn ti di ẹlòmíràn nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ yín àti ọjọ́ ìbí yín ṣì wà lọ́wọ́ Kánádà, bí ẹ bá sì ti tẹ̀ka nígbà náà, ìka yẹn náà wà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù IMM 1294, èyí tí ẹ fi ń béèrè ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́, ń béèrè bóyá Kánádà tàbí orílẹ̀-èdè mìíràn ti kọ̀ láti fún yín ní físà rí. Ìwé ìrìnnà yòówù kí ẹ lò nígbà yẹn, “bẹ́ẹ̀ ni” ni ìdáhùn. Ẹ kọ ọdún tí ó ṣẹlẹ̀, irú físà tí ẹ béèrè, àti ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Pé wọ́n kọ̀ ọ́ nígbà kan kò ní kí wọ́n má fún yín lónìí. Irọ́ lórí rẹ̀ ló burú: abala 40 òfin ìwọ̀lú Kánádà fi ọdún 5 ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá purọ́.

Jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbà á fún ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ìbí. Ẹ kọ lẹ́tà àlàyé ojú ewé kan, kí ẹ sì so ojú ewé tí fọ́tò yín wà nínú ìwé ìrìnnà méjèèjì mọ́ ọn.

Kí ló dé tí a fi ní kí ẹ lo ti ìlú Ọba? Ẹni tó bá lo ti Nàìjíríà ní láti gba físà sínú rẹ̀, bí físà yẹn bá sì parí nígbà tó wá kí àwọn òbí rẹ̀, ó di dandan kó gba òmíràn kó tó padà. Ẹni tó lo ti ìlú Ọba kò nílò físà. eTA, ìyẹn àṣẹ ìwọ̀lú orí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n máa ń fi kún ìwé àṣẹ náà fún un láìgba owó mìíràn. Àmọ́ nọ́ńbà ìwé ìrìnnà tí ẹ fi béèrè ni eTA so mọ́. Bí ẹ bá wá na ti Nàìjíríà sí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní pápákọ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan, kò sì ní jẹ́ kí ẹ wọlé. Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà yín yóò kú pẹ̀lú. Ìwé àṣẹ kì í kọjá ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà bá kú. Bí ó bá ku oṣù 14, oṣù 14 náà ni wọn yóò fún yín. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó béèrè.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìwé ìrìnnà ìlú Ọba kò lè yẹ̀ fún yín. Àyẹ̀wò ara ni àkọ́kọ́: ibi tí ẹ gbé ni wọ́n ń wò, ẹni tó bá sì ti lo oṣù 6 lérí ara wọn ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan sẹ́yìn gbọ́dọ̀ ṣe é lọ́dọ̀ dókítà tí Kánádà fọwọ́ sí. Owó fọ́ọ̀mù jẹ́ dọ́là Kánádà 150, títẹ̀ka àti yíya fọ́tò jẹ́ 85. Láti September 2025, owó ìgbọ́bùkátà tí ẹ ní láti fi hàn fún ẹnì kan jẹ́ 22,895 dọ́là, yàtọ̀ sí owó ilé-ìwé ọdún àkọ́kọ́ àti owó ọkọ̀. Lẹ́tà tí ìpínlẹ̀ fi ń jẹ́rìí sí akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń pè ní PAL, kò kàn yín mọ́: láti January 2026, wọn kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe másítà ní yunifásítì ìjọba.

Ẹ yẹ orúkọ wò dáadáa. Bí ìwé báǹkì bá pè yín ní “Adébáyọ̀ Fọláṣadé Grace”, tí ti ìlú Ọba sì jẹ́ “Grace Adebayo”, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ mìíràn, kí ẹ sì fi ìwé ìbúra kóòtù tì í.

Ọmọ Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà ni mí. Ṣé òótọ́ ni pé bodè ni mo ti lè gba ìwé àṣẹ? Montréal ni mò ń lọ. — Houston

Òótọ́ ni. Ọmọ Amẹ́ríkà lè béèrè rẹ̀ ní bodè tàbí pápákọ̀ Kánádà. Ẹ kò ní san owó ìka, ẹ kò sì nílò eTA. Ṣùgbọ́n Québec, ìpínlẹ̀ tí Montréal wà, ní ìwé ìgbaniwọlé tirẹ̀, CAQ, tí ẹ gbọ́dọ̀ ti gbà kí ẹ tó gbéra. Ní tiwa, a fẹ́ kí ẹ béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú: bí ìwé kan bá dín ní bodè, ibẹ̀ ni wọn yóò ti dá yín padà pẹ̀lú ẹrù yín.

Toronto ni mo bí ọmọ mi sí kí a tó padà sílé. Ó ti di ọmọ ọdún 17, ó fẹ́ lọ sí yunifásítì níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìwé àṣẹ wo ni ká kún? — Ìyá kan, Abẹ́òkúta

Ẹ má kún ìkankan, ìyá wa. Ọmọ Kánádà ni, àfi bí ẹ bá jẹ́ aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè níbẹ̀ nígbà tí ẹ bí i. Ìwé ìrìnnà Kánádà ló nílò. Òun náà ni kó fi wọ ọkọ̀. Níbi tí yunifásítì bá ti béèrè orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí ó kọ Kánádà, nítorí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò ga ju ti ọmọ onílẹ̀ lọ fíìfíì.